Yàrá Yìnyín Orílẹ̀-Èdè Márùn-ún

"Tún da ọṣẹ sí i, Fọláyọ̀," ni Ọ̀gá Martins wí láti ẹnu ọ̀nà. "Òórùn ẹja ṣì ń jáde."

Fọláyọ̀ tún bu ọṣẹ sí i. Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ láti àárọ̀, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ilẹ̀ yàrá yìnyín, omi ọṣẹ sì ń ṣàn gba abẹ́ àwọn pẹpẹ irin lọ sínú ihò. Bright tó ń ṣọ́ géètì ń fa páálí ẹja títù tó kù jáde, ó ń tò wọ́n sínú ọkọ̀ Madam Lilian tó wà lágbàlá. Yìnyín ara páálí ń yọ́, omi rẹ̀ tó pupa díẹ̀ ń kán sórí ibi tí Fọláyọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, òun náà á sì tún ibẹ̀ fọ̀.

"Ìgbà wo gan-an ni àwọn àlejò máa dé, sà?"

"Wọ́n ti kúrò ní pápákọ̀ òfurufú. Bí àwọn tírélà bá dí wọn lọ́nà díẹ̀, Ọlọ́run ló bá wa ṣe é." Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. Aṣọ rẹ̀ mọ́ nini, ó sì ṣọ́ra kí bàtà rẹ̀ má kan omi. "Tó o bá parí, lọ wọ kóòtù funfun rẹ. Ìwọ lo máa mú wọn yí ká. O mọ ọ̀rọ̀ í sọ."

Ẹ̀yìn Warehouse Road ni ilé náà wà, ilé alájà kan tí wọ́n kùn ní funfun, tí àsíá márùn-ún ń fẹ́ níwájú rẹ̀. Orílẹ̀-èdè márùn-ún létí òkun ló fi owó ìlú kọ́ ọ. Ẹ̀rọ kan wà lókè rẹ̀ tó lè rí òjé, irin olóró tó wà nínú bátìrì, nínú ẹ̀jẹ̀ bó ti wù kó kéré mọ, ẹ̀rọ tí kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dá a rà, tó lè dá a bọ́. Wọ́n kọ́ yàrá yìnyín sí ìsàlẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ àti omi tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bá kó jọ láti ìlú gbogbo wọn lè máa wà níbẹ̀ láìbàjẹ́. Àdéhùn wọn ni pé ohun tí ẹnikẹ́ni bá rí níbẹ̀, ti gbogbo wọn ni. Nígbà tí wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò kọ́ ọ sí, Èkó ni wọ́n mú. Wọ́n ní Nàìjíríà ni ẹ̀gbọ́n, kò sì yẹ kí àbúrò máa bẹ̀rù láti fi ẹrù rẹ̀ sílé ẹ̀gbọ́n.

Nígbà tí Fọláyọ̀ rí iṣẹ́ níbẹ̀, ó sunkún ayọ̀. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, níbẹ̀ ló ṣì ń gbé. Lẹ́yìn Creek Road, ọgbà kan wà tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ tó ti kú, kí wọ́n lè kó òjé inú rẹ̀ tà. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí ìhà ọ̀dọ̀ wọn, èéfín rẹ̀ a bà lé aṣọ tí àwọn obìnrin sá. Láti kékeré ni Fọláyọ̀ ti mọ àwọn ọmọ kan ládùúgbò tí inú ń run láìdẹ́kun, tí ìwé kì í wọ̀ lórí, tí ẹgbẹ́ wọn ń dàgbà kọjá wọn. Àwọn àgbà a ní aràn ni. Àwọn olùkọ́ a ní ọ̀lẹ ni. Ìgbà tó dé yunifásítì ló tó mọ̀ pé òjé lè ṣe gbogbo èyí fún ọmọdé, ó sì mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa lé àwọn ọlọ́gbà náà kúrò láìsí ẹ̀rí láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ.

Òun fúnra rẹ̀ ló wọ ilé dé ilé, tó ń bẹ àwọn ìyá. Ràdíátù tó ń ránṣọ ní yàrá tó kọjú sí tiwọn ló pẹ́ jù kó tó gbà. Hàbíbàt, ọmọ rẹ̀, ti ń lọ sí ọdún kẹta ní kíláàsì kan náà.

"Fọláyọ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe omi," ni Ràdíátù wí lọ́jọ́ náà. "Tí wọ́n bá gbà á lára ọmọ mi, ọwọ́ ta ló máa wà?"

"Ọwọ́ tèmi ni, Ìyá Hàbíbàt. Èmi ni mo ń tọ́jú ibi tí wọ́n ń kó o sí."

"Ìwọ fúnra rẹ?"

"Èmi fúnra mi, mà."

Ràdíátù wò ó títí. "Ó dáa. Ojú wa lo ṣe dàgbà. Wá gbà á." Àwọn ìyá yòókù ládùúgbò rí i pé Ràdíátù gbà, àwọn náà sì mú ọmọ wọn wá.

Ẹ̀rọ òkè ṣiṣẹ́ dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá Martins bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé dísẹ́ẹ̀lì ti wọ́n, pé gáàsì tí ẹ̀rọ ń lò kò tíì dé, pé kí wọ́n ní sùúrù. Ẹ̀rọ náà dákẹ́ kó tó kan ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀. Síbẹ̀ owó ìpín orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń wọlé, Ọ̀gá Martins sì kọ́ ilé sí Lẹ́kí. Kò sẹ́ni tó béèrè.

Àsìkò yẹn ni Madam Lilian dé, oníṣòwò ńlá tó ń kó ẹja yìnyín gba èbúté. Ó ń wá ibi tí yóò kó ẹja sí. Ọ̀gá Martins kọ́kọ́ fún un ní pẹpẹ ẹ̀gbẹ́ kan. Kò pẹ́ tó di ìdajì yàrá. Níkẹyìn ó pe Fọláyọ̀ sí ọ́fíìsì, ó ní kó kó àwọn ìgò kéékèèké tó kù kúrò níbẹ̀, nítorí ọkọ̀ ẹja mìíràn ń bọ̀.

"Ibo ni kí n kó wọn sí, sà?"

"Fíríjì wà lókè."

"Kò sí iná níbẹ̀, sà. Wọ́n máa jẹrà."

"Fọláyọ̀, ṣé o mọ̀ pé orúkọ rẹ wà lọ́dọ̀ mi láàrin àwọn tí wọ́n fẹ́ sọ di òṣìṣẹ́ gbére? Ṣé kí n yọ ọ́?"

Ó kó wọn lọ sínú fíríjì òkè. Nígbà tí òórùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọ́fíìsì, òun náà ló kó wọn sọ̀ kalẹ̀, tó ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó dà wọ́n sínú ihò omi, tó da Ísáàlì apakòkòrò lé e. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀ àti ti àwọn ọmọ Kútọnu, Lomé àti àwọn ìlú yòókù jọ ṣàn lọ pọ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti di ọjọ́ Ẹtì, Madam Lilian a fún un ní páálí títù kan. Fọláyọ̀ a gbé e lọ sílé, a pín in fún ojúlé gbogbo. Àwọn ìyá a gbàdúrà fún un. Ràdíátù a ní kí Ọlọ́run gbé e dé ipò tí ẹnikẹ́ni nílé bàbá rẹ̀ kò dé rí, òun náà a ṣe àmín, a sì yára wọlé.

Ìròyìn ìbẹ̀wò yìí ló wá dà á rú. Àwọn alábàáṣe láti orílẹ̀-èdè yòókù fẹ́ fojú ara wọn rí yàrá náà kí wọ́n tó dá owó ọdún yìí. Fọláyọ̀ rò pé ohun gbogbo ti parí nìyẹn, ìtura díẹ̀ sì wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Martins rán Bright lọ sí ilé ìpẹran ní Ajégúnlẹ̀. Ike ńlá tó kún fún ẹ̀jẹ̀ ló gbé dé.

"Ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀," ni ọ̀gá wí. "Tó bá ti dì, ta ló máa fojú mọ ti ènìyàn yàtọ̀ sí ti màlúù? Rọ ọ́ sínú àwọn ìgò. Kọ orúkọ sí wọn lára bó ṣe wà tẹ́lẹ̀."

Ó rọ ọ́. Ó jókòó ti tábìlì, ó fi ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́, ó ń rọ, ó ń dé, ó ń kọ orúkọ. Nígbà tó kan ti Hàbíbàt, ó gbé kálàmù sílẹ̀, ó jáde lọ dúró ní àgbàlá. Tírélà ń lọ lójú títì. Ó dúró títí, lẹ́yìn náà ó padà wọlé, ó sì kọ ọ́.

*

"Aunty, dem don reach gate," ni Bright wí.

Àlejò mẹ́ta ni, pẹ̀lú ọmọbìnrin kan tó ń ṣe ògbufọ̀. Méjì nínú wọn ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀kẹta, Dókítà Bẹ́nuwá láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, Faransé ló ń sọ, ògbufọ̀ sì ń túmọ̀ fún un. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, irun rẹ̀ ti ń funfun létí. Ó gbé àpótí òtútù kékeré kan dání, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a gbà á.

Fọláyọ̀ mú wọn yí ká. Ó fi ẹ̀rọ òkè hàn wọ́n. Wọ́n ti yá jẹnẹrétọ̀ kan fún ọjọ́ náà, iná ara ẹ̀rọ sì ń tàn. Ó sọ̀rọ̀ nípa òjé, nípa èéfín, nípa àwọn ọmọ tí ìwé kì í wọ̀ lórí. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn létí. Àwọn àlejò ń mi orí. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ ohùn ẹlòmíràn.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá yìnyín. Ọ̀gá Martins tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò, ó sì fi Yorùbá sọ̀rọ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́:

"Má jẹ́ kí Faransé yìí fọwọ́ kan pẹpẹ ìsàlẹ̀. Àwọn ìgò ibẹ̀ kò tíì dì dáadáa."

"Ó ti ń lọ síbẹ̀, sà."

"Bá a sọ̀rọ̀ nígbà náà. Fi eyín funfun hàn án."

Dókítà Bẹ́nuwá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú pẹpẹ ìsàlẹ̀. Ó mú ìgò kan, ó ka orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára, ó dá a padà jẹ́jẹ́. Ó wá bá ògbufọ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin náà ní dókítà fẹ́ mú díẹ̀ lọ nínú ìgò Ajégúnlẹ̀ àti nínú èyí tí òun fúnra rẹ̀ kó wá láti ìlú wọn, kí ilé àyẹ̀wò mìíràn lè bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò fún ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ẹ̀rín kò kúrò lójú Ọ̀gá Martins. "Kó o fún un," ó wí ní Yorùbá. "Kó tó dé ilé, kó tó rí ẹni yẹ̀ ẹ́ wò, a ti gba owó."

Fọláyọ̀ ń kó ìgò sínú àpótí, ó ń fi ọwọ́ bo orúkọ tó wà lára wọn. Dókítà náà ń wo ọwọ́ náà.

Lẹ́yìn náà, wọ́n mú àwọn àlejò lọ sókè lọ jẹun. Dókítà Bẹ́nuwá ní ebi kò pa òun, òun fẹ́ gbé àpótí òun sínú ọkọ̀ ná. Ọ̀gá Martins ṣẹ́jú sí Fọláyọ̀ pé kó tẹ̀ lé e.

Àgbàlá dá wáí. Dókítà náà gbé àpótí lé orí ìjókòó ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì yíjú sí i.

"Ẹ jọ̀wọ́," ó wí, "ẹ̀jẹ̀ ta ni ẹ fi lé mi lọ́wọ́?"

Yorùbá ni. Ohùn Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wà nínú rẹ̀, ohùn àwọn àgbà, ó rọra, ó sì mọ́ ketekete.

Fọláyọ̀ kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde. Ẹ kàn dá mi lóhùn."

"Ti màlúù ni, sà."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, sà."

"Èyí tí mo kó wá ńkọ́?"

"Mo dà á nù. Wọ́n fẹ́ kó ẹja síbẹ̀, sà."

Ọkùnrin náà fẹ̀yìn ti ọkọ̀. Kò pariwo. Fọláyọ̀ ì bá fẹ́ kó pariwo, kó bú òun, kó pe òun ní ìwọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ló ń pè é.

"Adékànmí ni orúkọ tí ìyá mi ń pè mí," ó wí. "Bẹ́nuwá ni ti ilé ìwé. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ohun tí ọ̀gá yín ń sọ ni mo ti ń bi ara mi bóyá ó yẹ kí n ti kí yín ní Yorùbá láti ẹnu géètì. Bóyá ẹ̀yin ì bá ti sọ òótọ́ fún mi." Ó mi orí. "Ẹ gbọ́ ná. Ilé ìwòsàn kan wà tí ìjọba fẹ́ kọ́ sí àdúgbò wa. Wọ́n dá a dúró kí owó ìpín tiwa níbí lè pé. Èmi ni mo dúró níwájú wọn tí mo ní kí wọ́n dá a dúró. Mo ní ilé ìwòsàn kan á wo àdúgbò kan sàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a jọ ni á dáàbò bo ọmọ gbogbo wa. Mo ní Èkó ni, ilé ẹ̀gbọ́n wa ni."

Fọláyọ̀ kò lè gbójú sókè.

"Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ti sin ọmọ méjì. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀kẹta ló ní kí n gbà. Ìgbàkúgbà tó bá rí mi lọ́nà, á béèrè bóyá Èkó ti fèsì. Kí ni kí n wí fún un?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Èmi náà ò mọ̀."

Fọláyọ̀ na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Ẹ jẹ́ kí n gbé e padà, sà. Kò wúlò fún yín."

"Ó wúlò," ni Adékànmí wí. "Bí mo bá sọ ọ́ lẹ́nu lásán, wọn ò ní gbà mí gbọ́. Wọ́n á ní mo ń jowú Nàìjíríà." Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó wọlé, ó jókòó. Kò padà sókè mọ́. Títí àwọn yòókù fi jẹun tán, inú ọkọ̀ náà ló wà, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan, tó ń wo iwájú.

*

Nígbà tí èsì àyẹ̀wò fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ màlúù ni, orílẹ̀-èdè mẹ́rin yòókù kò pariwo. Wọ́n kàn dá owó wọn dúró, wọ́n sì kọ̀wé pé àwọn ń gbé ẹ̀rọ náà lọ sí Lomé. Ọkọ̀ akẹ́rù wá gbé e, ó gbé e gba iwájú ọgbà ẹ̀wọ̀n Kirikiri lọ síbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń dúró dè é. Wọ́n sọ àsíá mẹ́rin kalẹ̀. Ọ̀kan tó kù ṣì ń fẹ́ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ìgbìmọ̀ kan jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n pe Fọláyọ̀, ó sì ro ohun gbogbo fún wọn láìfi ọwọ́ tirẹ̀ pamọ́. Ọ̀kan nínú wọn bi í bóyá ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè ba orúkọ orílẹ̀-èdè jẹ́. Wọ́n ní àwọn yóò pè é padà. Wọn kò pè é. Nígbà tó tún gbúròó Ọ̀gá Martins, wọ́n ti gbé e lọ sí Àbújá, sí ipò tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Madam Lilian ló wá gba gbogbo ilé náà, òkè àti ìsàlẹ̀. Ọgbà oníbátìrì lẹ́yìn Creek Road fi ilé ìyọ́rin kejì kún ti tẹ́lẹ̀.

Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Fọláyọ̀ ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kí àwọn ìyá má bàa rí i. Ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó rékọjá sí yàrá Ràdíátù. Ràdíátù ń ránṣọ ilé ìwé fún ọmọ ẹnì kan. Hàbíbàt jókòó sórí ẹní, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń fi ọwọ́ tẹ ikùn.

"Ìyá Hàbíbàt, mo wá sọ ọ̀rọ̀ kan."

"Jókòó kó o tó sọ ọ́."

Kò jókòó. "Ẹ̀jẹ̀ tí a gbà lọ́wọ́ yín, wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò."

Ràdíátù gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Wọn ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Wọn ò ní yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Kò sí níbẹ̀ mọ́, mà. Èmi ni mo dà á nù."

"Ó ti bàjẹ́ ni?"

"Mo jẹ́ kó bàjẹ́. Wọ́n ní kí n kó o kúrò, mo sì kó o kúrò. Ti gbogbo àwọn ọmọ ni."

Obìnrin náà ká aṣọ ilé ìwé náà sórí itan. Fọláyọ̀ dúró, ó ń retí ìbínú, nítorí ó ti ronú lórí ohun tí òun yóò sọ bí ó bá bú òun. Ṣùgbọ́n kò rí ìbínú lójú rẹ̀. Ohun tó rí níbẹ̀ ni ojú ẹni tó ń ro bí nǹkan yóò ṣe ṣeé ṣe.

"Ó dáa," ni Ràdíátù wí níkẹyìn. "Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá, mo mọ̀ ọ́n. Bí o ṣe wá sọ ọ́ fúnra rẹ yìí, Ọlọ́run rí i. Ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára ọmọ." Ó yíjú sí ẹní. "Hàbíbàt, dìde. Àǹtí Fọláyọ̀ fẹ́ gbà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Kì í dunni púpọ̀, ṣé o rántí?"

"Ìyá Hàbíbàt..."

"Jẹ́ kó múra."

Ọmọ náà dìde láìjiyàn. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè dé èjìká, ó na apá tẹ́ẹ́rẹ́ náà síwájú Fọláyọ̀ tó dúró lọ́wọ́ òfo, ó yíjú sí ògiri, ó sì dijú pinpin, ó ń retí abẹ́rẹ́.